Ẹ Má Bu Omi Àdúrà Sí Bátìrì Mọ́

Màámi,

Ẹ kú àárò mi o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí fóònù yín kò ti wọlé. Àbáyọ̀mí, dírẹ́bà tó ń kó àlùbọ́sà láti Sókótó níbí lọ sí Èkó, ló sọ fún mi pé bátìrì sólà tí mo ṣe sílé yín ní Bàrígà kò gba iná mọ́, ẹ sì ti bu omi àdúrà sí i.

Háà, Màámi! Omi bátìrì nìkan ni bátìrì ń mu. Mo mọ̀ pé èéfín ẹja tí ẹ ń yan ló bo ojú páànẹ́ẹ̀lì, tí kò fi rí oòrùn. Ẹ ní kí àbúrò mi, Ọlápọ̀sí, gun òrùlé lọ nù ún. Àmọ́ kí ẹnìkan bá a di àkàbà mú. Kó má dá gùn ún o. Mo tún un sọ: kí ẹnìkan di àkàbà mú.

Ara mi le. Iṣẹ́ sólà tí à ń gun òrùlé ṣe pọ̀ níbí, ọ̀gá mi ló ní kí n sinmi díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìkọ̀wé yìí yà yín lẹ́nu. Fuad tí a jọ ń gbé ló ń bá mi kọ ọ́, kí ọwọ́ mi náà lè sinmi.

Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń yan ẹja. Bí Àbáyọ̀mí bá ń padà bọ̀, ẹ fi omi àdúrà tó ṣẹ́kù rán an sí mi. Mo mọ̀ pé mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ẹ ṣáà dé igo náà dáadáa, kó má dà lọ́nà.

Ọmọ yín,
Dúrójayé