Àdúà Tí Màámi Ń Rán Lọ sí Kàdúná

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Mọ́sálásí,
                                        Pòrógun,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kejì, 2026.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Usamah,

Àsàlámù aléékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Orí tó máa ń fọ́ ọ tí oòrùn bá mú ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí oúnjẹ gidi jẹ níbẹ̀, àbí bísíkíìtì inú páálí yẹn náà ni? Ẹ kú ìṣọ́ o, ẹ kú ìfarajìn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Bàbá Rahmah ń kí ọ. Rahmah fúnra rẹ̀ ní kí n sọ fún ọ pé eyín òun méjì ti yọ níwájú, kí o má baà bẹ̀rù nígbà tí o bá rí òun.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tí ayé ti dayé fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí nọ́ńbà rẹ ò ti lọ. Wọ́n ní wọ́n ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì agbègbè yẹn kí àwọn agbésùnmọ̀mí má baà máa fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ó dáa fún ogun, kò dáa fún ẹ̀gbọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ Olúṣẹ́gun, ọmọ Òdògbolú tí ẹ jọ wà níbẹ̀, tó gba ìsinmi wá sílé tó sì yà kí wa. Òun ni yóò mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Usamah, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Jókòó dáadáa kí o tó kà á. Àṣírí wa ti tú. Màámi ti mọ̀ pé o ò sí ní Kàdúná mọ́. Èmi ni mo sì tú u, kì í ṣe Olúṣẹ́gun, kí o má lọ fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí o sọ fún mi lóṣù kẹwàá pé wọ́n ti kó yín lọ sí Borno, tí o sì ní kí n jẹ́ kí Màámi máa rò pé inú ọ́fíìsì lo ṣì ń tẹ ìwé, mo gbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù bó ṣe ń bà ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá ẹrù yẹn gbé. Ni mo bá ń kọ orúkọ rẹ sínú bébà, mo ń fi sàráà díẹ̀ tì í, mo ń fún Àáfà wa ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, kó lè kà á síta kí gbogbo jàmáà ṣe àmín. O mọ̀ pé àsàlátù tèmi yàtọ̀ sí ti Màámi. Èmi ń lọ sí èyí tó wà nítòsí ilé wa, òun ò sì ní kúrò ní ti Òkè-Ajé láéláé. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mo gbàgbé pé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní jẹ́ ọjọ́ àsàlátù àpapọ̀, tí gbogbo àsàlátù ìlú máa ń pàdé pọ̀. Àtọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti fún Àáfà ní bébà. Bí mo ṣe wọlé, ta ni mo rí níwájú pátápátá? Màámi ni, ó da ìborùn funfun bora, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo fẹ́ sáré lọ gba bébà náà padà, àmọ́ Àáfà ti di máíkì mú. O sì mọ̀ pé tọmọtìyá ni wọ́n ń dárúkọ èèyàn, kí àdúà má baà lọ bá ẹlòmíì. Ó ní, "Ẹ bá wa tọrọ ààbò fún Usamah ọmọ Ràmọ́tà, ṣọ́jà, tó wà lójú ogun ní Borno." Gbogbo àwọn ìyá tó jókòó ti Màámi yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Usamah ọmọ Ràmọ́tà mélòó ló ń ṣe ṣọ́jà ní Ìjẹ̀bú?

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀. Màámi ò ké, kò dákú. Ó ṣe àmín, tiẹ̀ ló tilẹ̀ ròkè jù. Nígbà tí a délé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí tó fi ń to ẹja, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́, èmi tíṣà ni mò ń tún un kọ: "Hanifah, láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń rán àdúà lọ sí Kàdúná lójoojúmọ́. Ta ló ń bá mi gbà á níbẹ̀?"

Mo sunkún bí ọmọdé. Òun náà ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni Màámi ti ń gbọ́ ìròyìn, òun tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń kà á báyìí, á yí rédíò sí wáàsí. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ lọ ṣe níbẹ̀ fún òun. Mo ní ìjọba fẹ́ lé àwọn agbésùnmọ̀mí kúrò nínú igbó àti ní erékùṣù inú adágún Ṣáàdì, kí àgbẹ̀ lè padà sóko, kí ọ̀nà là, kí àwọn tí ogun lé wá sí ibùdó lè relé. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó tún bi mí pé àwọn tí wọ́n bá lé, níbo ni wọ́n ń sá gbà? Mo ní wọ́n ní àwọn kan kọjá sí Nìjẹ́ẹ̀ àti Kamẹrúùnù, àwọn kan sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa. Ó ní ìyẹn ni pé bí ẹnì kan ṣe ń gbálẹ̀ ilé tiẹ̀, ìdọ̀tí ń lọ sójúde aládùúgbò.

Àwa náà kúkú ń rí i níbí. Àwọn ọdẹ ti ń ṣọ́ ọ̀nà oko ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, wọ́n ń bi gbogbo àlejò ní ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì rí agbésùnmọ̀mí kankan. Mọ́là tó máa ń ti àlùbọ́sà kiri àdúgbò wa ti lọ, torí wọ́n dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ń ṣàárò ohùn rẹ̀ láàárọ̀. Ẹja gbígbẹ tó ń wá láti adágún náà ò wá dáadáa mọ́. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn ní Ìjagun ni Màámi ń tà báyìí, àwọn oníbàárà sì ń yínmú pé kò mú ìkókórè dùn tó ti tẹ́lẹ̀.

O rántí Falmata, obìnrin Kanuri tó ń bá Màámi ṣa ẹja láti ọdún tó kọjá? Màámi ò bi í rí nípa ibi tó ti wá. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì àsàlátù yẹn, ó fún un ní àpótí jókòó, ó ní kó sọ ìtàn ara rẹ̀. Falmata ní etí adágún ni abúlé àwọn. Àwọn agbésùnmọ̀mí ń gba owó orí lórí ẹja, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ. Nígbà tí ṣọ́jà dé, àwọn agbésùnmọ̀mí sá, ayọ̀ ṣubú layọ̀. Àmọ́ àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo ará abúlé kó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn tó sá má baà rí oúnjẹ padà wá jẹ níbẹ̀. Bukar ọkọ rẹ̀ ní òun gbàgbé àwọ̀n òun, ó sáré padà lọ mú un. Ọkọ̀ ò lè dúró. Láti ọjọ́ náà kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Falmata ní òun ò bínú sí ṣọ́jà, òun ò sì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tán.

A palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Lójú ọ̀nà ló wá rán mi níṣẹ́ sí ọ. Ó ní òun ò ní kí o má ja ogun yín, torí ẹni tó ń gba ẹja lọ́wọ́ apẹja yẹ lẹ́ni à ń lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ní kí àwọn èèyàn kúrò nílé wọn, kí o rántí pé Falmata wà láàárín wọn. Bí ọkùnrin kan bá sì ní òun fẹ́ padà lọ mú àwọ̀n òun, kí o bá òun bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n dúró dè é.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bébà méjì ló ní kí n kọ. Ó ti lọ bi Falmata léèrè orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, kó má baà ṣe àṣìṣe. Àáfà tiwọn kà á ní Òkè-Ajé: Usamah ọmọ Ràmọ́tà, Bukar ọmọ Yagana. Àwọn kan ń bi ara wọn pé ọmọ ta ni Bukar. Màámi ní ọmọ wa ni.

Gaàrí tó wà lọ́wọ́ Olúṣẹ́gun, Màámi ló fọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́ ẹ, kíkan rẹ̀ á la ojú rẹ. Ẹja méjì tó kù nínú ti adágún ló fi sí i. Mo bi í pé ṣé ẹja tó ti ọ̀dọ̀ rẹ wá ló tún ń rán padà? Ó ní ẹja náà ti mọ̀nà wá sílé, kó lọ fi hàn ọ́.

Bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rọra gbà á o. Mo fẹ́ràn rẹ, Usamah. N kì í sọ ọ́, àmọ́ mo ti sọ ọ́ wàyí.

Nígbà tí o bá fẹ́ fèsì, kọ àdírẹ́sì rẹ sókè lápá ọ̀tún bí mo ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Má kọ Kàdúná síbẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá gbà kí o dárúkọ ìlú náà, kọ "Ojú Ogun". Màámi ní àdírẹ́sì yẹn tó, àdúà òun á mọ ibi tí yóò yà sí.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
                                        Hanifah.