Kí Oògùn Tó Gba Irun Mi

                                        Yàrá òkè,
                                        Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ,
                                        Ọjọ́ Àìkú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ọ̀rẹ́ mi, onídìrí mi láti ìgbà èwe,

Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jà? Èmi wà. Mo jókòó lójú fèrèsé, mò ń wo omi tó ń kán lórí páànù, ọkàn mi sì ń léfòó bí ìyẹ́.

Mo mọ̀ pé ò ń bínú torí mo ní mi ò gba oògùn jẹjẹrẹ ọyàn yìí. Mo lọ sọ ọ́ fún dókítà lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọdébìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ìyá, èyí tó ti yẹ kó kú tipẹ́ ló ń ṣorí kunkun, tí kò fẹ́ lọ." Mo gbé báàgì mi. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lò ń bá wí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣé sẹ́ẹ̀lì ló ń sọ, àwọn nǹkan wínníwínní tí ara fi di ara.

Ó fi wọ́n hàn mí nínú ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá. Wọ́n ń tàn bí iná ilé tí a ń wò lókèèrè nírọ̀lẹ́. Ó ní bí ìnira bá dé bá sẹ́ẹ̀lì rere, á kọ́kọ́ rọ́jú, á dín iṣẹ́ kù, á máa tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ìnira bá wá pọ̀ jù, á ká ara rẹ̀ bí ẹní, á di ẹrù rẹ̀ wẹ́wẹ́, àwọn aládùúgbò á kó o, ilé ẹnikẹ́ni ò ní dọ̀tí. Mo rí ọ̀kan tó ń lọ. Jẹ́ẹ́ ló lọ, bí ẹni tó fẹ́ fìtílà ara rẹ̀ pa. Àwọn ti inú kókó ọyàn mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lọ. Oògùn náà á ni wọ́n lára títí wọ́n á fi rántí.

Mo bi í léèrè irun mi, torí òun gan-an ni mò ń sá fún, o mọ̀. Ó ní oògùn á ni sẹ́ẹ̀lì irun náà lára, irun á re, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń padà hù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Èmi ni mo ni agídí inú ara yìí. Kókó kan ò ní bá mi dù ú. Lọ́jọ́bọ̀ ni màá lọ gba oògùn.

Ṣùgbọ́n oògùn kọ́ ló máa mú irun mi. Ìwọ lò ń dì í láti ìgbà tá a ti wà lómidan. Mú sísọ́ọ̀sì rẹ wá lọ́jọ́rú, kí o gé e. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, àti ìyàwó ọmọ rẹ tó ń pè mí ní Ìyá Akọ. Tí o bá dé, má sunkún sí mi lórí o. Orí náà á ti tutù tó.

Èmi tìrẹ tí kì í gbọ́,
Olóríkunkun.