Ilé Òkúta Bàbá Mi Ti Di Ti Rosalind

Ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì,
Askerdale,
Yorkshire.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1986.

Joyce, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún tó ń dun Harold ọkọ rẹ ti sàn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé atẹ́gùn etíkun yẹn kò mú wọn jù? Ara tèmi le, inú mi ni kò dùn.

O rántí ilé òkúta tí wọ́n bí mi sí lórí òkè. Àwọn baba ńlá mi ló kọ́ ọ, ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Nígbà tí Bàbá kú, Ambrose àbúrò mi ni wọ́n fún, nítorí pé ọkùnrin ni. Rosalind ìyàwó rẹ̀ tó dé lánàá òde yìí ló wá ń pè é ní ilé òun. Ó ń mú àlejò rìn yíká, ó ń fi ààrò tí ìyá mi ti ń dáná hàn wọ́n, ó sì ń sọ ìtàn àwọn baba ńlá mi bí ẹni pé orí itan wọn ló dàgbà sí. Joyce, mò ń jowú, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí mo bá ti rí aṣọ fèrèsé rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, ara mi á gbóná.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pè mí wá mu tíì. Àpò sìmẹ́ǹtì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Rosalind fẹ́ kí bíríkìlà họ gbogbo ẹfun tí wọ́n fi lẹ àwọn òkúta ògiri pọ̀ kúrò, kó fi sìmẹ́ǹtì dí i, kí iwájú ilé lè dán. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹfun àti yanrìn nìkan ni Bàbá máa ń pò láti fi tún ògiri náà ṣe, kí omi òjò tó bá wọ ògiri lè rí ọ̀nà jáde. Sìmẹ́ǹtì á sé omi mọ́ inú òkúta, bí òtútù bá sì mú kí omi náà dì, òkúta á máa bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Mo sọ fún un. Ó rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo pààrọ̀ aṣọ fèrèsé, ẹ ní kò dáa. Mo gbin òdòdó, ẹ ní Màmá kì í gbìn ín síbẹ̀. Ó wá kan ògiri báyìí?"

Ambrose rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé owú yẹn tì ná, ẹ jẹ kéèkì."

Owú ni lóòótọ́, àmọ́ òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ògiri náà, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. Ambrose kì í kọ ọ̀rọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, pè é lórí fóònù, má dárúkọ mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni bíríkìlà ń bẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí Harold àti ìyá rẹ. Tètè pe Ambrose, Joyce. Bí òkúta àkọ́kọ́ bá bó lára ògiri yẹn, mo mọ̀ pé inú mi á dùn pé mo jàre, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé Bàbá mi ni.

Èmi ni tìrẹ tí kò mọ ẹlòmíì tí òun lè sọ ọ́ fún,
Hester