Àwòrán Mi Láàárín Òdòdó

Ìyá Yọ̀mí, aya mi,

Ilé ńkọ́? Mẹ́síkò dùn! Èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́ta, mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kùn bí aṣọ ọdún. Ta ló ṣe é rí ní Ìsìkàn?

Níbi tí a wọ̀ sí, ìyá onílé to àwòrán àwọn ènìyàn sórí tábìlì, ó fi òdòdó, àbẹ́là àti oúnjẹ yí wọn ká. Mo rò pé bíi ti pálọ̀ wa ni, mo bá gbé àwòrán mi tòun ti agbádá sáàárín wọn. Silas, ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tó ń mú mi kiri, figbe ta:

"Bàbá, ẹ yọ ọ́! Àwọn òkú ni wọ́n ń fi í pè kí wọ́n wá jẹun!"

Mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi èmi ṣe?" N kò yọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, iwájú àwòrán mi ni ìyá onílé ń gbé oúnjẹ mi sí. Mo kí i, kò dáhùn. Silas náà ń ṣe bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Kò burú. N kò fi nǹkan kan kan ẹnu, síbẹ̀ mo ń yó.

Ara mi le o. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ dúdú wá fún ọ, dá a padà. Bá mi kí Yọ̀mí, kí o sì kí gbogbo ará Ìsìkàn. Ní kí wọ́n dáhùn, jọ̀ọ́.

Èmi ọkọ rẹ,
Adébùsóyè