Idwal Kú Lórí Fóònù

Ilé Kejìlá, Òkè Ilé Ìsìn,
Tredegar, Wales.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2019.

Nerys, àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ìhín òkun dé ọ̀hún òkun. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé orúnkún rẹ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Ṣé o máa ń rí oorun sùn nínú ilé tí o dá gbé báyìí? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tiwa, a wà láàyè, àwa méjèèjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé báńkì sọ pé ó ṣẹ́ kù nínú ilé yìí, èmi sì ni.

Kí n tó rò ó fún ọ, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí Trevor ọkọ rẹ papòdà lóṣù Kẹta, mo sọ fún ọ pé dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ bàlúù. Irọ́ ni, Nerys. Dókítà kankan ò sọ bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ ni ò sí. Mo tú gbogbo ibi tí mo ń fi owó pamọ́ sí, ohun tó jáde níbẹ̀ ò lè gbé mi kọjá Lọ́ńdọ̀n. Ojú tì mí láti sọ fún ọ, torí mo mọ̀ ọ́, o máa yọ nínú owó ìsìnkú ọkọ rẹ ránṣẹ́ sí mi. Idwal ọkọ mi pàápàá, mo parọ́ fún un pé ẹ̀rù bàlúù ló ń bà mí. Ọdún méjìlélógún rèé tí a ti fojú kan ara wa gbẹ̀yìn, o sì sin ọkọ rẹ láìsí ẹ̀gbọ́n kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Kò sí ọjọ́ tí kì í dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí etí mi fi là nígbà tí wọ́n kéde lórí rédíò lóṣù Kẹjọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba owó PPI rẹ̀ padà, kó yáa ṣe é kí oṣù tó parí. O ti kó lọ sí Adelaide kí ọ̀rọ̀ yìí tó gbalẹ̀. Ìnṣọ́ránsì kan ni àwọn báńkì ń dì mọ́ gbèsè àwọn èèyàn nígbà náà. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ tàbí àìsàn bá dá ọ dúbúlẹ̀, ìnṣọ́ránsì á bá ọ san gbèsè náà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tà á fún ni kò lè jẹ àǹfààní rẹ̀ láé. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n dá owó olówó padà.

Ṣé o rántí ọkọ̀ ẹja díndín Idwal? Èyí tí a yáwó rà lọ́dún 1996, lẹ́yìn tí wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú pa? Ọmọkùnrin tó yá wa lówó ní báńkì ní bí a ò bá fọwọ́ sí ìnṣọ́ránsì, kò dá òun lójú pé ọ̀gá òun á gbà. A fọwọ́ sí i. Ọdún kẹta, Idwal yọ̀ ṣubú lórí òróró, itan rẹ̀ kán, oṣù mẹ́rin gbáko ni kò lè ṣiṣẹ́. A tọ báńkì lọ, wọ́n ní, ẹ̀yin èèyàn wa, ìnṣọ́ránsì yìí kì í ṣe fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Kí ni wọ́n rò pé a fẹ́ fi ọkọ̀ ẹja ṣe, ká máa fi gba atẹ́gùn kiri? Èmi ni mo dúró din ẹja ní gbogbo oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ká lè máa san gbèsè, inú sì ń bí mi títí dòní.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni Idwal fúnra rẹ̀. Ó ti búra pé ọ̀rọ̀ PPI ò ní bá òun wọlé. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́wàá, kò sí ilé tí àwọn apefóònù ò dà láàmú ní àfonífojì yìí. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ lówó PPI kan láti gbà." Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ sílẹ̀ ni wọ́n máa ń pè. Jàǹdùkú ló pọ̀ jù nínú wọn. Kálukú wá ní ọgbọ́n tó fi ń lé wọn. Màmá Pugh, aládùúgbò wa, máa ń gbé fóònù sẹ́nu ajá rẹ̀. Pásítọ̀ wa a máa kọ orin ìsìn fún wọn látòkè délẹ̀. Ti Idwal ló wá burú jù. Á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Háà, Idwal lẹ ń bèèrè? Idwal ti kú o. Ọjọ́bọ̀ la sin ín. Èmi àbúrò rẹ̀ ni." Á tún wá fi ẹkún díẹ̀ sí i. Mo ti sọ fún un títí pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu ara ẹni sọ, kò gbọ́.

Nítorí náà, ní kọ̀rọ̀ ni mo ṣe tèmi. Mo yọ agolo bisikíìtì tí Idwal kó gbogbo ìwé ayé rẹ̀ sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí ìwé gbèsè ọjọ́un, mo gba fọ́ọ̀mù báńkì, mo kọ ọ́. Ó ku ìfọwọ́sí Idwal, torí àwa méjèèjì la jọ yáwó. Mo ní sùúrù di ọjọ́ Sátidé tí Wales ń bá England gbá rọ́gíbì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọnú tẹlifíṣọ̀n tán, mo na bírò sí i. Ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní, "Ìwé ni." Ó ní, "Níbo?" Mo ní, "Níbí." Ó fọwọ́ sí i láìwo ilẹ̀. Ká ní ìwé pé a ti ta ilé ni, ilé ti lọ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbàgbé. Nọ́ńbà fóònù ilé ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù Kẹsàn-án, mo lọ sí ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, báńkì pè. Obìnrin kan ní òun fẹ́ bá Ọ̀gbẹ́ni Idwal Prosser sọ̀rọ̀ lórí PPI. Yéè! Mo wọlé bá ọkọ mi tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. Ó ní, "Eluned, ti òní yìí ló dùn jù! Mo ní Idwal kú, ó bá mi kẹ́dùn, àfi bí ẹni pé òun náà fẹ́ sunkún. Ó bèèrè ọjọ́ tó kú, mo sọ fún un, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ní, "Ó kọ ọ́ síbo?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, Idwal lọ ra mílíìkì, káàdì rẹ̀ kọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó tún un gbé sẹ́nu ẹ̀rọ, ó tún kọ̀. Idwal fi fóònù ọmọ náà pe báńkì níwájú gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, ohùn wá ń jáde síta kedere: "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹni tó ni káàdì yìí ti di olóògbé." Idwal ní, "Èmi ni mo ni ín!" Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, sà." Kó tó rìn délé, ìròyìn ti sáré kọjá lára rẹ̀. Màmá Pugh ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi tòun ti aṣọ dúdú, ó gbé búrẹ́dì bara brith gbígbóná dání, èso gbígbẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bó ṣe rí Idwal tó ń gun òkè bọ̀, ó figbe ta, àmọ́ kò ju bara brith sílẹ̀. Idwal ní kí ni wọ́n ń ṣe. Màmá Pugh ní, "Òkú rẹ la wá kí, aláìnítìjú!" Ọkọ mi jókòó, ó fi bọ́tà ra búrẹ́dì náà, ó jẹ ègé mẹ́ta.

Ọjọ́ kejì ni lẹ́tà báńkì dé, wọ́n kọ ọ́ sí èmi opó. Wọ́n ní kí n fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á pa ọ̀rọ̀ owó PPI wa tì. Ibẹ̀ ni àṣírí mi ti tú sí Idwal lọ́wọ́. Ó ní, "O ti orúkọ mi bọ PPI!" Mo ní, "Ìwọ lo pa ara rẹ!" Odindi ọjọ́ méjì la ò fi bára wa sọ̀rọ̀, àfi ká ní "gbé iyọ̀ wá." Ọkàn mi ò sí lára ìjà náà pàápàá. Owó ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi wá bá ọ ló ń lọ yẹn, ọjọ́ sì ń pé.

Wọ́n ti sọ báńkì ìlú wa di ilé ìṣerun tipẹ́, nítorí náà bọ́ọ̀sì la wọ̀ lọ sí Abergavenny. Ọmọge tó dá wa lóhùn fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè bóyá mo mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Mo ní, "Rárá o, òkú gangan ni mo mú wá." Idwal ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ láti ayébáyé, káàdì tí àwọn arúgbó fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ló fà yọ. Ọmọge wo fọ́tò, ó wo Idwal, ó tún wo fọ́tò. Idwal ní, "Mo mọ̀. Èyí tó wà nínú fọ́tò ló jọ òkú."

Ọmọ náà pe olú-iléeṣẹ́. Àwọn yẹn ní ohùn ẹni tó gbé fóònù wà lọ́wọ́ àwọn, ó ní àbúrò olóògbé ni òun, báwo làwọn ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe àbúrò yìí ló wá fẹ́ jẹ ogún? Wọ́n bá tẹ ohùn náà síta. Nerys, mo gbọ́ ọkọ mi tó ń sin ara rẹ̀. Ó sunkún. Ó tiẹ̀ ní olóògbé jẹ́ èèyàn rere tí kò bínú rí! Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn obìnrin báńkì: "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Bàbá tèmi náà kú lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ẹ ń jẹun." Ẹ̀rín kúrò lójú Idwal. Wọ́n ní ọ̀nà kan ló wà: kó bá obìnrin náà, Yasmin, sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó jẹ́wọ́ irọ́ tó pa, kó sì dáhùn ìbéèrè tí Idwal gangan nìkan lè dáhùn. Ọkọ mi dé fìlà padà. Ó ní, "Kí èmi máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ báńkì? Báńkì tó fojú wa gbolẹ̀ nígbà tí itan mi kán? Láéláé. Ẹ jẹ́ kí n kú bẹ́ẹ̀."

Mo di apá kóòtù rẹ̀ mú. Mo ní, "Idwal, bàlúù ò bà mí lẹ́rù rí láyé mi. Owó ni mi ò ní. Àbúrò mi kan ṣoṣo dá sin ọkọ rẹ̀, mo sì jókòó sílé tí mo ń hun súwẹ́tà." Ni mo bá bú sẹ́kún níbẹ̀, níwájú gbogbo èrò báńkì. Idwal dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Mo ní, "Tí mo bá sọ, kí lo fẹ́ tà?" Idwal tún ṣí fìlà, ó nawọ́ gba fóònù.

Ó ní, "Yasmin, ọmọ mi, èmi ni Idwal. Mi ò lábùúrò kankan. Mo parọ́ fún ọ, ìwọ sì bá mi kẹ́dùn tọkàntọkàn. Má bínú, ọmọ mi. Irú èèyàn wo ni bàbá rẹ?" Yasmin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Ọkọ ojú irin ni bàbá náà ń wà, ó fẹ́ràn àáyù nínú oúnjẹ. Idwal ń gbọ́, ó ń mi orí, ọmọge báńkì ń wo aago. Nígbà tí wọ́n parí, tí Idwal sì ti dáhùn gbogbo ìbéèrè báńkì, Yasmin ní, "Sà, ẹ dákun, ẹ má kú mọ́ títí tí n ó fi parí ìwé yín." Ó bú sẹ́rìn-ín, Idwal náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀.

Owó náà wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí ìjọba ti yọ owó orí tirẹ̀. Ó tó tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan, kò tó ti ẹni méjì. Mo ní ká tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi rí ìyókù. Idwal ò bá mi jiyàn, ó kàn wọ bàtà, ó jáde. Ìgbà tó padà dé, ó gbé ìwé kan síwájú mi, orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Nerys ti dúró tó. Lọ bá ọmọ ìyá rẹ."

Mò ń bọ̀, Nerys. Mò ń kúrò ní Lọ́ńdọ̀n lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní, màá dé Adelaide lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni màá lò. Má se nǹkan kan sílẹ̀. Má tún ilé ṣe. Kó o ṣáà mú mi lọ síbi tí ẹ tẹ́ Trevor sí, kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbi tó yẹ kí n ti jókòó lóṣù Kẹta. Bí irọ́ tí mo pa fún ọ bá sì bí ọ nínú, fi ìbínú náà pamọ́ dè mí, kó o bínú sí mi lójúkojú.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí wa sí di ọjọ́ náà. Kí ó tu ọ́ nínú, kí ó mú ẹsẹ̀ rẹ le, kí ilé rẹ má ṣe dá páropáro mọ́. A ó ríra láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ò gbàgbé rẹ,
Eluned

Mo tún rántí: Idwal kí ọ. Kò mọ ohunkóhun sè láyé yìí àfi kó dín in, nítorí náà Màmá Pugh ti ṣèlérí pé òun á máa gbé ọbẹ̀ wá fún un lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ó ní kò sí ohun tó ń dààmú òun, àmọ́ láti àárọ̀ yìí, ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ọjọ́ wo ni mò ń padà.