Wọ́n Gé Orúkọ Bàbá Mi Kúrú

Màmá mi,

Mo kí yín nílé o. Mo kí Bọ̀dá Àgbà, mo kí ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ẹbí létí òkun. Ibà tí mo sọ fún yín lórí fóònù ti lọ. Òjò Warri nìkan ni kò lọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí gbogbo ará ilé gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé kan ní Okumagba Layout ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọ wa, tí Bàbá bá wọn dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pẹja níbí, gbé ìwé orin wá. Èmi ni mo tò ó sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà wa kì í dédé mọ ẹ àti ọ. Àṣẹ ni mo máa ń kọ fún un kí ó tó fi àmì sórí lẹ́tà tàbí sábẹ́ rẹ̀. Mo wá fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, tó ní gbogbo wọn, mo parí iṣẹ́, ni ibà bá dá mi dùbúlẹ̀.

Ọ̀gá mi ní fọ́ǹtì yẹn kò rẹwà, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí kò ní lẹ́tà wa. Kọ̀ǹpútà kò pariwo, ṣe ló kàn fò wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ Jésù di "j Jésù". Níbi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀, Ọmọ́jọlá, orúkọ Bàbá, di "mjlá". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n kó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Ìjọ jókòó tì mí, ìwé orin tuntun yẹn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń nu awò ojú wọn ṣáá. Wọ́n wá rọra bi mí pé, àbí ojú àwọn ti fọ́ ni? Màmá, omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín ni ọ̀gá ń rín. Ó ní, "Who dey read Yoruba for Warri?" Ó ní àwọn ọmọ wa gan-an, Pidgin ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Ó ní kí n sọ fún ìjọ pé èdè wa ló ṣòro fún ẹ̀rọ. Mo ní n kò ní parọ́ mọ́ èdè mi. Mo dá fọ́ǹtì tèmi padà níwájú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà yọ.

Àwọn alàgbà ti kó ìwé náà padà fún un, ó sì ń tún un tẹ̀. Kò bẹ̀ mí o! Olórí kunkun ló ń pè mí báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ìyá Ìjọ ní tí tuntun bá dé, àwọn làwọn máa kọ́kọ́ dá orin, kí gbogbo wa dákẹ́ ká gbọ́.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kí ó má fi àìsàn ṣe yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni Títílayọ̀, ọmọ yín.