Ojú Mi Kì Í Ran Èèyàn

Marisol, àbúrò mi,

Kó o tó bọ́ bàtà, ka ìwé yìí tán. Ojú mi kì í ran èèyàn! Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó wò mí lójú kòrókòró, kò sá, ó wá ní, "Ṣé ẹ ń sin ológbò nílé ni?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Irun Muning, ológbò rẹ tó máa ń sùn lórí ìrọ̀rí mi, ló ń yún mi lójú. Ẹ̀yin sì sọ mí di adẹ́tẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta! Abọ́ mi lọ́tọ̀, jígí dúdú rẹ lójú mi nídìí oúnjẹ, torí ẹ ní ẹni tó bá wò mí lójú, tirẹ̀ náà á pọ́n. Màmá tiẹ̀ lọ tọrọ omi ọmú lọ́wọ́ ìyá ìkókó ilé kejì láti kán sí mi lójú.

Oògùn ojú mi wà nínú fíríìjì. Má jẹ́ kí Màmá kán an sójú tiwọn o. Fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìrọ̀rí mi.

Mo ti kán oògùn náà lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ni màá gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n wa níbi ìsàmì òní. Kí ẹni tẹ́ ẹ fi rọ́pò mi nítorí ojú yìí jókòó jẹ́jẹ́. Tètè máa bọ̀ kí awọ ẹlẹ́dẹ̀ sísun tó tán níbi àsè.

Má wá jígí dúdú rẹ kiri. Ó wà lójú Muning. Ọ̀daràn ni kó máa wọ̀ ọ́.

Dalisay